Nígbà Tí Mò Ń Wọn Àwókù Òkè Ìdànrè

Ní yunifásítì, iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ni mo kọ́, iṣẹ́ àwọn tó ń walẹ̀ níbi tí ìlú ti parẹ́ láti mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe gbé ayé. Ìlú kan ló gbà mí lọ́kàn jù, olú-ìlú ẹkùn kan tí àwọn ará Róòmù tẹ̀ dó ní àríwá Áfíríkà. Ògiri tí kò ga ju orúnkún lọ ni àwọn awalẹ̀pìtàn bá lábẹ́ iyanrìn, síbẹ̀ wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, àti ilé ẹni tó lówó. Wọ́n ní àárín ilé àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ṣí sókè tí òjò ń rọ̀ sí i. Mo rẹ́rìn-ín ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Akódì ilé wa lókè Ìdànrè nìyẹn, àfi pé òkúta dídán ni wọ́n fi tẹ́ tiwọn.

Nígbà tí mo padà sí Odode, ìlú wa tuntun ní ìsàlẹ̀ òkè, láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn, mo ti ka ara mi kún ọ̀mọ̀wé gidi. Ní gbogbo Sátidé, màá gbé téèpù àti ìwé, màá gun àtẹ̀gùn gígùn yẹn lọ sí ìlú àtijọ́ lórí òkè, màá máa wọn ilé tó ti wó.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, gbọ́ nípa rẹ̀. Aládùúrà ni wọ́n. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni wọ́n nígbà tí ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, orúnkún wọn ò sì gbà kí wọ́n padà gùn ún mọ́. Èdè Ìdànrè ni wọ́n máa ń sọ, mo kàn tún un kọ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ ni.

“Ọma mi,” wọ́n ní, “ìwọ tó ń wọn ilé tí kò sí mọ́, bá mi wá ibi tí wọ́n sin ìyá mi sí. Ka Sáàmù kan síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á fún un rí.”

Iṣẹ́ kékeré nìyẹn lójú mi. Inú yàrá ni wọ́n ń sin òkú sí nígbà náà, ibo ni wọn ì bá sì sin ìyàwó sí bí kì í bá ṣe ilé ọkọ rẹ̀? Kò sẹ́ni tí kò mọ ilé bàbá ìyá àgbà lókè. Mo wọnú ibẹ̀, mo rí ibi tí ilẹ̀ ti wú gbọọrọ ní yàrá kejì, mo wọ̀n ọ́n, mo yà á, mo dúró níbi orí, mo sì ka Sáàmù náà sókè ketekete. Alángbá méjì lórí ògiri ń mi orí bí ẹni ń ṣe àmín.

Eré ni mo fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ròyìn fún ìyá àgbà láìdúró mí.

“Ilé ta lo sọ pé o lọ?”

“Ilé bàbá yín, Ìyá.”

“Ìyálé ìyá mi lo ka Sáàmù fún,” wọ́n ní. “Ìyá mi ti dálémosú kó tó kú.”

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí nínú ìdílé wa. Ìyá mi gan-an ò mọ̀ pé ọkọ lé ìyá-ìyá òun jáde, tó padà sí ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wọ́n sọ fún mi pé oko Atosin ló lọ,” ìyá àgbà ní. “Wọ́n ní ó jìn, ẹsẹ̀ ọmọdé ò lè dé ibẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n dá jáde nílé. A ti sọ̀ kalẹ̀ tán kí n tó gbọ́ pé ó ti kú, àti pé ilé bàbá rẹ̀, lókè níbẹ̀, ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn.”

“Ilé wo ni, Ìyá?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi rán ọ nìyẹn.”

Inú bí mi. Inú bí mi sí àwọn àgbà tó ti kú tipẹ́, ó sì bí mi sí ara mi, èmi tí mo ro pé ìwé ti kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀.

Mo wá bàbá arúgbó kan lọ nínú ẹbí ìyá tó bí ìyá àgbà. Ó ní kí n wá àpáta tó là sí méjì, pé ilé àwọn fẹ̀yìn tì í, yàrá tó sún mọ́ àpáta jù ni wọ́n sì ń sin àwọn obìnrin sí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rí i. Ilé kékeré ni. Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi ka Sáàmù lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, bí mo ṣe máa ń ṣe, mo wọn ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé ilé bàbá ìyá àgbà, kí n lè yà á sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, nítorí kò dá mi lójú.

Nírọ̀lẹ́, mo tẹ́ bébà náà síwájú ìyá àgbà lórí ẹní.

“Ẹnu ọ̀nà bàbá yín rèé. Ibí ni ìyá yín wà.”

“Báwo ló ṣe jìn tó?”

Ó ṣe mí bíi kí n parọ́. Ọkàn mi ò gbà á.

“Ogójì ìṣísẹ̀, Ìyá. Ògiri kan ló wà láàárín.”

Wọ́n fi ìka kan ẹnu ọ̀nà kìíní, wọ́n rọra wọ́ ọ dé èkejì. Kò tó gígùn ìka náà.

“Alaalẹ́ ni mo máa ń sunkún pè é,” wọ́n ní. “Àṣé ó ń gbọ́ mi nígbà náà.”