Mùíbì Aláàárù àti Ẹrù Tí Wọ́n Fi Rán Afọlábí

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ Mùíbì, wọ́n tún sọ ọ́. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹran tí àwọn ọmọ rẹ̀ pa wà lẹ́nu wọn tí wọ́n ń sọ ọ́. Mo dìde, mo lọ sílé. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí. N kò mọ̀wé púpọ̀. Ìwé kejì ni mo kà dé. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ.

Ọmọ Ìbàfò ni Mùíbì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ní Mowé ló ti ń ṣiṣẹ́. Aláàárù ni. Obì ló ń rù lọ sí Ìfọ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí ilẹ̀ Gàǹbàrí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é. Ẹsẹ̀ ló ń rìn, ojú ọ̀nà inú igbó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ló ń gbéra. Á kọjá Odò Ògùn, á sì dé Ìfọ̀ kí wọ́n tó kí ìrun Àlàásárì. Obì kò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni mo ń sọ bọ̀.

Má-fi-rán-mi ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá ń lọ sí Ìfọ̀, gbogbo abúlé ló ń bá a lọ. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ á mú iṣu wá. Ẹni tó ní àna á mú epo wá. "Bá mi fún un. Kò wúwo." Gbogbo wọn ló ń sọ pé kò wúwo. Kálukú ń wo tirẹ̀ nìkan, kò sí ẹni tó ń wo orí tó máa rù ú. Ọmọdé ò sì gbọ́dọ̀ kọ̀.

Mùíbì kọ̀. Àbúrò ìyá tó bí i gbé agbè epo wá fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Orí kan ni mo ní." Odindi oṣù mẹ́ta ni obìnrin náà ò fi dá a lóhùn.

Ní ọdún 1954, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, a gbọ́ pé wọ́n máa gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun sí ojú irin ní Ìfọ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa kọ orúkọ. Bí ó bá ti pé ogójì, wọ́n á pa ìwé dé. Ìbíwùnmí, opó tó ń ta fùfú, ní ọmọkùnrin kan, Afọlábí. Ọmọ ogún ọdún ni. Oko tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹbí. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni ọmọ náà ń wò. Kò sì tíì ru ẹrù rìn kọjá Ìbàfò rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ Mùíbì pé kó mú un dání.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Mùíbì wá sílé wọn. Mo wà níbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ gbé?"

"Aṣọ mi ni, Bọ̀dá."

"Aṣọ méjì tó. Ìbora kan. Gààrí díẹ̀, ẹ̀pà díẹ̀, kèrègbè omi. Ohun tó o bá lè fi ọwọ́ kan gbé sókè ni kó o gbé. Èyí tó o bá wò lẹ́ẹ̀mejì, fi í sílé." Ó wo ilẹ̀. "Kánfáàsì yẹn ńkọ́?"

"Tuntun ni. Lọ́la ni màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

"Ẹsẹ̀ ẹ ni yóò jìyà ẹ̀. Inú ilé la ti ń wọ bàtà tuntun kó mọ ẹsẹ̀. So ó mọ́ ẹrù. Tó o bá dé Ìfọ̀, kó o wọ̀ ọ́. Má sì jẹun yó láàárọ̀. Jẹ díẹ̀, máa panu lọ lójú ọ̀nà." Ó dìde. Ó tún yíjú padà. "Tí wọ́n bá mú nǹkan wá fún ẹ, sọ pé èmi ni mo ní kó o má gbà á. Èmi ni kí wọ́n bú."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tí wọ́n ní kò mọ àgbà ló ní kí wọ́n bú òun dípò ọmọ ọlọ́mọ.

Kò tíì jìnnà tí wọ́n fi ń dé. Bàbá Lásúnkànmí kó iṣu márùn-ún wá fún àbúrò rẹ̀. Ẹnu bàbá yìí dùn, ó lè fi òwe tú ilé ká. Ìyá Ṣàràfá gbé adìyẹ wá, ààyè. Ìbíwùnmí fúnra rẹ̀ gbé agbè epo sí i, nítorí ilé àna rẹ̀ ni ọmọ máa sùn sí. Èmi náà gbé gààrí kóńgò mẹ́rin wá. N kò ní í purọ́. Mo ní kò wúwo. Kálukú wúre fún un lórí ẹrù rẹ̀, ọmọ ń ṣe àmín, àmín.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, Mùíbì dúró létí abúlé pẹ̀lú agbọ̀n obì lórí. Afọlábí yọ. Kánfáàsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹrù orí rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Mùíbì ní, "Ìwọ ni àbí ọjà Ìfọ̀ ló wá pàdé wa?"

Adìyẹ dún lókè.

"Kí nìyẹn?"

"Adìyẹ Ìyá Ṣàràfá ni, Bọ̀dá."

"Òun náà ń wáṣẹ́ ojú irin?"

Àwa tí a sìn wọ́n dé ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Lásúnkànmí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mùíbì, fi ọmọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọ ló ń fi ọgbọ́n sí i. Ẹrú ló ń ru gbogbo ẹ̀."

"Ìwọ Mùíbì! Ẹnu ẹ yìí!"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Àwọn tó ń kọ orúkọ ò ní í dúró de iṣu."

Ó sọ fún Afọlábí pé kó dá ẹrù padà. Ọmọ wo Bàbá Lásúnkànmí, ó wo èmi, ó wo ilẹ̀. Kò lè dá a padà. Àwa náà ò sọ pé kó dá a padà. Wọ́n lọ.

Afọlábí ló sọ èyí tó kù fún mi. Mùíbì ò jẹ́ sọ ọ́.

Ó ti jẹ ẹ̀bà yó bámúbámú kó tó jáde. Ó fẹ́ kí Mùíbì mọ̀ pé agbára òun ká ẹrù náà, ló bá ń sáré ṣáájú. Mùíbì ní, "Rọra. Ìfọ̀ ò sá lọ." Kò gbọ́. Kí oòrùn tó ga, òógùn ti bò ó, ó ti mu omi kèrègbè rẹ̀ tán, inú ń run ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ròrò nínú kánfáàsì, ó bẹ́. Adìyẹ ń já ara rẹ̀ gbà lókè, ẹrù ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ọrùn ń ro ó. Ó bá sọ ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Aláàárù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù tó wúwo, bó bá ti dé ilẹ̀, ẹnì kan ò lè dá a gbé ru ara rẹ̀. Pàlàkà igi tó ga tó èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sinmi. Bí wọ́n bá sinmi tán, wọ́n á ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa lọ. Mùíbì mọ gbogbo pàlàkà tó wà lọ́nà yẹn. Obì wà lórí rẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti rìn dé ibi pàlàkà tó wà níwájú, kó gbé obì kọ́, kó padà sẹ́yìn wá bá Afọlábí gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣe é lọ́jọ́ kan náà.

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ó ní, "Fi iṣu sílẹ̀ síbí. Fi epo sílẹ̀. Tú adìyẹ yẹn."

"Wọ́n á ní mo jẹ iṣu àgbà."

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ bú sẹ́kún. "Bọ̀dá, ẹ̀yin, wọ́n ti bú yín tán. Wọn ò tíì bú èmi rí."

Obì Mùíbì ń gbóná nínú agbọ̀n, ọkọ̀ ojú irin ò sì ní í dúró dè é. Ó lè fi ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ. Kò lọ. Nígbà tí wọ́n fi dé odò, ọlọ́kọ̀ ojú omi ti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òdìkejì, ó ti lọ sílé. Etí odò ni wọ́n sùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ Afọlábí wú, kò lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mùíbì kó iṣu márààrún lé orí obì tirẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rù. Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó dé Ìfọ̀. Akọ̀wé ti ń ká tábìlì.

"Ó ti pé ogójì," ó ní. "Ìgbà mìíràn."

Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó gbé obì náà ti lọ. Ọjọ́ Ajé ni òmíràn tó wá, obì ti dúdú.

Wọ́n padà dé Mowé. Gbogbo wa jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí a kọ́kọ́ béèrè?

Bàbá Lásúnkànmí ní, "Ṣé márààrún pé lọ́wọ́ àbúrò mi?"

"Ó pé, Bàbá."

Ìyá Ṣàràfá ní, "Adìyẹ mi ńkọ́?"

"Oòrùn pa á, Ìyá."

"Ẹ pa adìyẹ mi! Àbí ẹ jẹ ẹ́ ni?"

Kò sí ẹni tó béèrè iṣẹ́. Mo ti la ẹnu láti béèrè gààrí mi kí n tó rí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Aṣọ ni wọ́n fi dì í. Mo pa ẹnu mi dé. Ìbíwùnmí nìkan ló béèrè rẹ̀. Ọmọ náà mi orí pé rárá. Bàbá Lásúnkànmí wọ inú ọ̀rọ̀ dídùn: "Àyànmọ́ ni, Ìbíwùnmí. Ohun tí a kò bá yàn mọ́ ẹ̀dá..."

"Àyànmọ́ kọ́, Bàbá," Mùíbì ní. "Iṣu ni."

Ariwo ta. Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá. Ó ní, "Mo ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀, mo ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn lálẹ́. N kò ní í dọ̀bálẹ̀ fún iṣu." Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni ní Mowé má gbé obì fún un mọ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Èmi wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, wọ́n tún kọ orúkọ ní Ìfọ̀. Afọlábí ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyá rẹ̀ àti Mùíbì. Ó há kánfáàsì, tó ti gbó, mọ́ abíyá, ó di aṣọ kékeré kan, Mùíbì, tí wọn ò gbé obì fún mọ́, sì mú un lọ ní òwúrọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá béèrè ọmọ, ó ní ibà ń ṣe é, ó ń sùn. Ó gba ìfiránṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ní kí ọmọ gbé lọ tí ara rẹ̀ bá yá, ó dá a padà fún àwọn tó ni ín lọ́jọ́ kejì.

Orúkọ kẹtàlá ni ti Afọlábí. Ó ṣì wà lójú irin di òní. Bàbá Lásúnkànmí ṣì ń bínú pé kò dágbére.