Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ àti Gíà Mẹ́ta Tó Fọ́

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, gbogbo ará àdúgbò ló dúró wò ó. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó sídìí ọkọ̀ bí ọba, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kó o sí gíà kìíní, ó tẹ iná mọ́ ọn. Nǹkan kan dún gbì lábẹ́ ọkọ̀, èéfín sì bo gbogbo wọn. Nígbà tí èéfín fi máa ká, ọkọ̀ ṣì wà níbi tó wà, kò yẹsẹ̀, ọ́ìlì gíà sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wo gbogbo wọn lójú. Ó ní, "Ó ti lọ, ó sì ti dé. Ẹ ò tètè wò ni."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà: Onígíà, nítorí òun ló máa wọ abẹ́ ọkọ̀.

Mẹkáníìkì ni Ọ̀gá, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà sáàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì. Gíà nìkan ni Onígíà ń tún ṣe láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn márùn-ún lẹ́nu rẹ̀ lóòjọ́, kí onítọ̀hún máa dúpẹ́. Ọ̀gá, tó fi ọdún méje jù ú lọ, ló ń sọ ti òun, tó tún ń bá a sọ tirẹ̀. Bí oníbàárà bá bi Onígíà ní nǹkan, ohùn Ọ̀gá ló máa dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri.

Ìdí tí Ọ̀gá fi ń to ọkọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Obìnrin ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ìlú tó ń gbé sì jìn tó wákàtí mọ́kànlá nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, ó ní kí bàbá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kì í sùn nílé onílé, pé òun máa to ọkọ̀ kan tó máa gbé òun lọ, tó sì máa gbé òun bọ̀ lójúmọ́ kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀sì wà," ni Onígíà wí.

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí wọ́n bú ní ìyá. "Bọ́ọ̀sì? Ta ló máa gbọ́ pé mo ń bọ̀?"

Ẹ́ńjìnnì tó rà dára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó o. Ó ní súpáṣájà lòun fẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì kó lè máa fipá ti afẹ́fẹ́ sí i nínú. Odidi ọdún kan ló fi yan èyí tó máa mú. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta pààtì ọkọ̀, á jókòó ti àwọn súpáṣájà náà, á máa fọwọ́ yí wọn, á gbé etí lé wọn.

"Bàbá, èwo lẹ wá máa gbé?" ni ìyá náà máa ń bi í.

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn," ni Ọ̀gá máa ń sọ, á sì gba ilé lọ.

Níkẹyìn, ó ku méjì. Ọ̀kan tóbi bí àpótí, bí ẹsẹ̀ bá ti kan iná báyìí ló máa da gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì kéré, ó ká kọrọdọ bí ìkarahun ìgbín. Ìyẹn máa ń rọra jí ni, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá yí dáadáa kó tó ṣe bẹbẹ.

Onígíà yẹ àwọn méjèèjì wò, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ lọ́dún náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú oníkarahun. Bí ẹni fi òòlù gbá èèyàn léyín ni àpótí yẹn máa gbá gíà. Gíà tó bá ọkọ̀ wá lẹ ṣì ń lò. Kò lè gbà á."

"Ìgbín lo fẹ́ kí n gùn lọ sílé ọmọ mi?" ni Ọ̀gá bi í, ó sì gbé àpótí.

Bí gíà àkọ́kọ́ ṣe fọ́ nìyẹn. Onígíà wá òmíràn tó le díẹ̀ jù ú lọ. Èyí gbé ọkọ̀ dé òdìkejì ìlú, kí gbogbo eyín rẹ̀ tó ká dànù, ó wá ku gíà ẹ̀yìn nìkan. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni Ọ̀gá fi wa ọkọ̀ náà bọ̀ wálé, ó ń fọwọ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mo fẹ́ máa rí ibi tí mo ti ń bọ̀."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dá ìjà sílẹ̀. Onígíà tú u, ó da eyín tó rún sórí bébà, ó gbé e síwájú Ọ̀gá. "Ẹ yọ àpótí yẹn, àbí kẹ́ ẹ wá onígíà mìíràn."

"Ìwọ tí ò ń gé eyín gíà bí ẹni ń ṣánko," ni Ọ̀gá fèsì, "ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ká má purọ́, Onígíà ni kò sọ̀rọ̀. Ní ti Ọ̀gá, ẹnu kì í dilẹ̀. Ó kàn kọjú sí ògiri ni, ó ń pa ìtàn bí ẹni tí èrò pé lé lórí, nígbà tí kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Onígíà pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá dá ìtàn dúró níbi tó dùn jù, ó sì ń súfèé lọ. Onígíà fara dà á di ọjọ́ kẹta, kò rí iṣẹ́ kankan ṣe. Ó wá mú sípánà, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú nǹkan tó fi aṣọ wé. Oníkarahun ni.

"Ẹnì kan ló ní ká bá òun so ó mọ́ ọkọ̀," ló wí.

"Ta ni?"

"Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n."

Onígíà kò fi í rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́. Ó fi ojúlówó irin gé eyín tuntun tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ó fi iná mú wọn le. Ó mú ṣáàfù tó ki, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí eyín náà, ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì sí èyí tí kò ní máa yọ̀ bọ́rọ́ lábẹ́ agbára náà, ó sì fa páìpù tó ń gbé ọ́ìlì gíà lọ síwájú ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ ẹ tutù. Orí bọ́kẹ́ẹ̀tì ni Ọ̀gá jókòó sí ní gbogbo àkókò náà, ó ń di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú ìtàn, tọ́ọ̀ṣì á bá a lọ, Onígíà á sì dúró nínú òkùnkùn títí ìtàn á fi parí.

Ọkọ̀ gbéra lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn méjèèjì jọ jókòó sí i, ó dún mínrín mínrín bí oyin, gíà wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ bọ́tà. Wọ́n dé ojú títì gbọọrọ, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú. Ọ̀gá kò tẹ iná. Ó ń yí lọ jẹ́jẹ́, títí ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ fi kọjá wọn, tó tún bojú wẹ̀yìn wò wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó máa gbà á."

Ọ̀gá kò yíjú. "Tí mo bá sáré, a máa tètè dé."

Ó yé Onígíà ju bó ṣe fẹ́ kó yé òun lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá máa ń sọ pé òun fẹ́ lọ kí ọmọ òun. Táyà ló kọ́kọ́ fẹ́ yẹ̀ wò, ó kan bẹ́líìtì, ó kan ìjókòó ẹ̀yìn tí kò sẹ́ni tó máa jókòó sí i. Ọdún kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Onígíà kò gbọ́ ohùn kankan. Ó rò pé ìjà ti dé nìyẹn, ó jókòó, ó ń ro ohun tóun ṣe. Ìgbà tó di ọ̀sán ló kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ tí Ọ̀gá fi sọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ bá a lórí ibùsùn. Ó ti lọ, jẹ́jẹ́, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe láìsọ nìyẹn láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára, ó wá yíjú sí Onígíà. "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí lè délé mi?"

"Ó lè dé."

"Mi ò lè wà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wà á."

Onígíà kò tíì jìnnà sí àdúgbò yẹn láti ọdún mẹ́wàá. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ọmọ náà jókòó tì í. Lójú ọ̀nà, obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ni mo máa ń gbọ́ ìròyìn yín jù. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí bàbá mi bá pè mí, àbúrò mi onígíà báyìí, àbúrò mi onígíà báyẹn. Ó ní kò sí irú ọwọ́ yín mọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kóun lè kó wá sọ́dọ̀ mi, pé bóun bá lọ, ta ló máa máa bá yín sọ̀rọ̀."

Onígíà kó gíà wálẹ̀ nígbà tí kò sí òkè, kò sí kòtò. Ó rọra kó o padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n délé. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ fúrúfúrú, ọ́ìlì kò kán síbẹ̀. Àwọn ọmọ obìnrin náà sáré jáde, wọ́n yí ọkọ̀ ká. Ìyá wọn bi Onígíà bóyá ó máa fẹ́ bá bọ́ọ̀sì àárọ̀ ọ̀la padà.

Onígíà, tí kì í purọ́, tí kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé gíà lábẹ́ ọkọ̀, ó sì mi orí bí dókítà. Ó ní, "Gíà yìí gbóná gan-an. Mo ní láti dúró tì í kó tutù. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún."

Inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni obìnrin náà dàgbà sí. Ó mọ̀ pé wákàtí kan ti pọ̀ jù fún gíà láti tutù. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, Bàbá," ló wí.