Ọjọ́ tí Mọ́mì Jó Tẹ̀lé Pósí Àwọn Eléré

Òórùn gúgúrú onísúgà ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé yẹn, létí omi ní National Harbor, l'Amẹ́ríkà níbí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ni Mọ́mì ti ń tún yàrá ṣe, àmọ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìyẹn. Dádì ló ní ká jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí wa lára.

Ìyá Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú n'Íbàdàn ni. Ìwé ìgbélùú Mọ́mì ò sì tíì jáde. Tó bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, kò ní rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n ṣe sìnkú náà láìsí i níbẹ̀ nìyẹn. Kò sunkún, kò sì kọrin nídìí ìkòkò mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tún sọ ṣáá: "Ẹni ọmọ sin ló bímọ." Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ibi tá a jókòó sí ni báńdì kan ti yọ sí wa. Wọ́n kun ojú lẹ́fun, wọ́n gbé pósí eré aláwọ̀ mèremère léjìká, ọ̀kan nínú wọn sùn sínú rẹ̀ bí òkú. Orin àwọn Júù, ti onífèrè àwọn ará Bálíkánì àti ti oníjó àwọn ará Látìn ni wọ́n pò pọ̀. Fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì ń sunkún, ìlù ní ká jó.

Kí n tó mọ̀, Mọ́mì ti gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó tú síkáàfù orí rẹ̀, ó fi gbàjá, ó bọ́ sẹ́yìn pósí, ó ń jó bí ọmọ olóòkú ṣe ń jó nílé. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo fẹ́ lọ fà á, Dádì dì mí mú.

"Fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń sin."

Wọ́n gbé pósí náà kalẹ̀. Bí eré wọn ṣe rí, ó yẹ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ fò jáde, ọmọrí ti ń mì, ni Mọ́mì bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ṣe tán." Yorùbá ló fi sọ ọ́, àmọ́ obìnrin tó gbé dùrù kọ́ àyà wò ó lójú, ó sì mi orí sí àwọn yòókù. Wọ́n padà sórí orin ẹkún yẹn. Mọ́mì jó o títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá gbọ́wọ́ kúrò. Ọkùnrin kan fò sókè tòun ti fèrè. Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. "O káre. Ìwọ rí ọ̀nà padà."

Ọ̀dọ̀ mi ní Upper Marlboro ni Mọ́mì ń gbé báyìí. Ó ń kọrin nídìí ìkòkò, orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ń tì mí, mo di báàgì mú, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí Mọ́mì tètè gbọ́wọ́ kúrò lórí pósí. Àgbà ti dé sí i báyìí, mo sì ń wò ó bó ṣe ń rọra gun àtẹ̀gùn. Tó bá kàn mí láti sin ín, mi ò mọ̀ bóyá màá lè gbọ́wọ́ tèmi kúrò.