Gbólóhùn tí N Kò Kà fún Wọn

Ọdún tí Tọ́mi, àbíkẹ́yìn mi, jáde iléèwé girama ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Tọ́mi ti di ìyá ọmọ méjì báyìí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá kí mi nílé mi ní Òrè. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò mi kí àwọn gbé e kọ́ sí yàrá ìpàdé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni akọ̀wé tó gba ìsinmi ìbímọ fún ìyá àti bàbá. Wọ́n ní ibi gbogbo ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà, lórí rédíò, lórí fóònù, pé ṣé ó yẹ kí bàbá ọmọ náà gba ìsinmi tí owó oṣù rẹ̀ kò ní í dúró, pé àwa tiwa ti ṣe é tipẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà wọn sílẹ̀ ná. Inú mi kò dùn, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ epo pupa kan wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Òrè sí Òdìgbó. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ílà tí a fi ń se ẹyìn. Àwọn obìnrin ló wà ní yàrá ẹ̀kùrọ́, tí wọ́n ń ṣa èésan kúrò láàárín ẹ̀kùrọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: obìnrin tó bá bímọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá fẹ́ padà, ẹnu géètì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tó ń wá iṣẹ́ òòjọ́, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin wa fi ń so ìró lé oyún títí yóò fi pé oṣù mẹ́jọ. Mo ti rí ẹni tó sáré padà ní ọjọ́ kẹsàn-án, tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí àwọn ọ̀gá má baà mọ̀ pé ó bímọ, tí omi ọyàn sì rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Ti bàbá ọmọ kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ará bọ́ílà ni Akíntadé, ọmọ Ajué. Ọmọ́wùnmí ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀kùrọ́. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọjọ́ tí Akíntadé wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbà. Bàbá rẹ̀, àgbàlagbà tó ń dá oko kòkó, sọ pé ní ilé tiwọn, wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá náà wà láàyè. Ni wọ́n bá gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n gbé oyin, iyọ̀ àti omi, wọ́n gun ọ̀kadà mẹ́ta wá sẹ́nu géètì. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kì í ṣe ọmọ Yorùbá, orí ló kàn ń mì: "Papa, abeg, dem say make I no open." Akíntadé sáré wá láti ìdí bọ́ílà, ó na ọwọ́ láàárín irin géètì, ó fi oyin kan ètè ọmọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà yẹn sunkún. Gbogbo wa tí a dúró níbẹ̀ la rí i, ojú sì tì wá fún un.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ọmọ́wùnmí tún lóyún. Ó ti ti ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, oṣù méje ló fi ń lọ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún mú un. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ó tú ìró tó fi ń di inú, ó sì dìde níwájú èmi àti Alága wa.

"Akọ̀wé, ẹ wò ó, oyún nìyí. N kò fi pamọ́ mọ́. Mo fẹ́ bí i, kí n sì bá iṣẹ́ mi níbi tí mo fi í sí. Ṣé ẹgbẹ́ wa lè ṣe ìyẹn, àbí ìpàdé nìkan la mọ̀ ọ́n ṣe?"

Akíntadé náà dìde, ó ní òun náà fẹ́ ìsinmi tirẹ̀, kí òun lè wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọmọ náà lórúkọ. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìwọ lo fẹ́ fún un lọ́yàn ni?" Akíntadé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ fojú yín rí ní géètì?" Ariwo rọlẹ̀. Ọjọ́ yẹn la pinnu láti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ epo mọ̀ pé ẹyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti bẹ́ ẹ, tí ọjọ́ méjì kọjá tí a kò sè é, epo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Agbára tí a ní kò ju ìyẹn lọ. A pa bọ́ílà, a jókòó sẹ́nu géètì, ọkọ̀ tó kó ẹyìn sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú títì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, òórùn ẹyìn tó ń rà ti gba àdúgbò, eṣinṣin sì bò wá. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ta ẹyìn fún ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bàbá kan láti Ajué bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó na ìka sí wa.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé nítorí oyún yín ni iṣẹ́ oko mi fi máa ṣòfò?"

Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀ fún un, tòun ti oyún oṣù méje. "Ẹ má bínú, bàbá. Nígbà tí ìyá yín bí yín, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi jókòó sílé kí wọ́n tó padà sóko?"

Bàbá náà wò ó. "Ogójì ọjọ́. Ìyá ọkọ wọn ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ wọ́n."

"Èmi, ẹnu ọ̀nà ibí ni mo dúró sí ní ọjọ́ kẹsàn-án, mò ń wáṣẹ́. Kò sì sẹ́ni tó wẹ̀ mí."

Bàbá náà padà sínú ọkọ̀. Ó ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà, kí wọ́n lọ fi ẹyìn náà fún àwọn obìnrin tó ń fún epo nílé, bóyá wọ́n lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Ó dùn mí pé àdánù bàbá yẹn wà lára ohun tí a fi jà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Máníjà ránṣẹ́ pe èmi àti Alága. Àgbàlagbà onísùúrù ni Alága wa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríwèé kà dáadáa mọ́. Èmi ló gbára lé. Máníjà ti tẹ àdéhùn sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta fún ìyá ọmọ, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pípé, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró dè é. Ọjọ́ mẹ́wàá fún bàbá, kó lè bá wọn sọ ọmọ lórúkọ. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Nígbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo rí gbólóhùn kan: ẹni tó bá fẹ́ ìsinmi yìí gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ilé ìwòsàn, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Mo tún gbólóhùn náà kà, Máníjà sì rí i.

"Kí ló dé, Akọ̀wé? Àbí ilé wòlíì lẹ ṣì ń bímọ sí ní apá ibí?" Ó rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò rẹ̀ tó jókòó tì í náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ Aládùúrà ni mí. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ni ìyàwó mi bí ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, lọ́wọ́ ìyá àgbẹ̀bí tó ń ka Sáàmù sí omi kó tó fún aboyún mu. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin yàrá ẹ̀kùrọ́, ibẹ̀ tàbí irú ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n mo jókòó nínú ọ́fíìsì tó tutù, agbẹjọ́rò tó wọ kóòtù ń wò mí, ojú sì tì mí. N kò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ará oko. Àwọn àgbà ní kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Èmi fẹ́ jẹ́ ebòlò tí kò rùn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, sà," mo ní. "Ayé ti là."

Alága yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé gbogbo rẹ̀ dára?"

"Ó dára, sà."

Ó fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dúró. Mo gun orí àpótí kan. Mo ka oṣù mẹ́ta, ariwo sọ. Mo ka ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n gbé Akíntadé sókè. Ó ku gbólóhùn ìsàlẹ̀. Mo wo ojú wọn, mo ká ìwé náà, mo sì fi í sápò. Mo sọ fún ara mi pé bó bá débẹ̀, a ó wá nǹkan ṣe sí i. Orin ni a kọ títí a fi dé oríta Òrè, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè fún wa, Ọmọ́wùnmí sì dì mọ́ mi láàárín títì, ó ń ṣàdúrà fún èmi àti àwọn ọmọ mi.

Ọmọbìnrin ló bí. Ó ti ń lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìtọ́jú ìjọba, ó ní káàdì, ṣùgbọ́n nígbà tó ń rọbí, ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ló lọ, nítorí ibẹ̀ ló bí ti àkọ́kọ́ sí láyọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Akíntadé gba ọjọ́ mẹ́wàá tirẹ̀. Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ náà, mo gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Ìṣẹ́gun ni bàbá rẹ̀ pè é. Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ ohunkóhun.

Lọ́jọ́ tí Akíntadé padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bi í léèrè ìwé. Ó mú káàdì àyẹ̀wò ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n ní kì í ṣe èyí. Ìyá àgbẹ̀bí kọ ìwé tirẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ ìjọ mọ́ ọn. Máníjà fi ìka méjì mú un, ó fi han àwọn ará ọ́fíìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti lẹ orúkọ tọkọtaya náà mọ́ pátákó pé wọ́n pa iṣẹ́ tì láìgbàṣẹ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí a tó jà, iṣẹ́ obìnrin nìkan ni ọmọ bíbí ń gbà. Lẹ́yìn tí a jà tán, ó gba ti ọkọ náà.

Mo lọ bá Máníjà. Kò tilẹ̀ bínú. Òun, ọmọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ, tẹ́ ìwé síwájú mi, ó ní, "Ṣé ọwọ́ rẹ kọ́ nìyí? Ìwọ lo sọ pé ayé ti là." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní kí ẹgbẹ́ tún daṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àwọn ará ọ́fíìsì, tí ọsibítù ni ìyàwó wọn ń bí sí, ti ń gba ìsinmi tiwọn. Wọ́n ní kí a má fọwọ́ ara wa ba ohun tí a rí gbà jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ní ẹyìn àwọn kò ní í tún rà nítorí wa. Àwọn obìnrin yàrá ẹ̀kùrọ́ padà sí síso ìró lé oyún, wọn ò sì wá sípàdé mọ́.

Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. A rí nǹkan gbà, n kò ní í parọ́. Àwọn ọkùnrin kan wà ní Òrè yìí tó gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ nítorí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí wọn. N kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé ìwòsàn. Mo ní kí Tọ́mi lọ, ó sì lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó jókòó nínú eṣinṣin fún ọjọ́ mọ́kànlá kọ́ ló jẹ ẹ́. Gbólóhùn yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ ìwé títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá yà mí ní fọ́tò kò tíì kà á débẹ̀. Èmi ni mo fi hàn wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni mo mú wọn lọ sí Agbábù, níbi tí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà nínú ilẹ̀, tí gbogbo ìjọba ń sọ pé àwọn máa wà á, tí wọn ò wà á. Ibẹ̀ ni Akíntadé àti Ọmọ́wùnmí ti ń dá oko ẹ̀gẹ́. Akíntadé wà lóko, Ọmọ́wùnmí ń yan gàrí. Mo ṣí fìlà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un níṣojú àwọn ọmọ náà: ẹ̀rín tí mo rín ní ọ́fíìsì, àti ìwé tí mo ká lórí àpótí. Ó mọ̀ pé mo fọwọ́ sí i. Kò mọ̀ pé mo rí gbólóhùn náà.

Ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. "Ẹ rí gbólóhùn náà kí ẹ tó ká ìwé?"

"Mo rí i."

Ó ti igi sínú iná. "Akọ̀wé, mo ti dárí jì yín nínú àdúrà mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ti òní náà, mo dárí rẹ̀ jì yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí lójú.

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?"