Bàbá Mi àti Sójà Amẹ́ríkà

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Spandau, ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Hamburg. Àwọn méjèèjì wá sinmi ní Jámánì, àmọ́ wọn ò lè sinmi nínú ilé kan náà. Nígbà tá a wà ní kékeré, bàbá mi fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà sílẹ̀, wọ́n lọ ṣe sójà. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, dípò kí wọ́n wálé, òṣèlú ni wọ́n tún bá lọ. Àkàrà tí ìyá mi ń dín la fi kàwé. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi ń retí ni "Má bínú." Bàbá mi á ní ìlú làwọn sìn. Èmi náà ń retí ẹ̀, mi ò ní parọ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún ọmọbìnrin mi ní Referat níléèwé: kó kọ ìtàn sójà àtijọ́ kan ní Amẹ́ríkà, tó jagun tán tó di olóṣèlú, kó sì sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Bí bàbá mi ṣe gbọ́, "ọ̀rẹ́ mi" ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkùnrin náà. Nígbà tí ọmọ ní ọkùnrin náà fìdí rẹmi nínú ìbò, bàbá mi lu itan wọn: "Wọ́n yí i ni! Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn!" Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi, ọmọ àti bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí ìyá mi ní Hamburg. Ọmọ dúró ní pálọ̀, ó ń fi Jámánì sọ ìtàn náà, èmi ń túmọ̀. Ìyá mi ń dín dòdò ní kíṣìnnì, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. A dé ibi tí sójà ti fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀ lóko. Mo lè fo ibẹ̀. Mi ò fò ó.

"Ta ló wá ń bọ́ àwọn ọmọ?" Ìyá mi ló béèrè láti kíṣìnnì.

"Ọ̀rẹ́ mi ń sin ìlú," bàbá mi dáhùn.

"Mo ní, ta ló ń bọ́ wọn?"

Bàbá mi tún fìlà wọn ṣe. Ni wọ́n bá kọjú sí ọmọ. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tó darúgbó, ó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé, 'Ìwọ lo gbé ilé ró. Má bínú sí mi.'"

"Aber Opa, das steht nicht im Buch."

"Ó ní kò sí nínú ìwé," mo túmọ̀.

"Kọ ọ́!" Ìyá mi ti dé ẹnu ọ̀nà, ṣíbí lọ́wọ́. "Kí bàbá àgbà tún un sọ, kó o lè kọ ọ́ dáadáa."

Bàbá mi tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ kọ́ ni wọ́n ń wò. Omi bọ́ lójú mi, mo sá lọ yí dòdò. Ó ti jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà fi bírò pupa béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà pé ibo ló ti rí i. Ọmọ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Hamburg. Ìyá àgbà mi wà níbẹ̀.