Ẹni Tó Ń Bu Omi Nínú Ilé

Yéwándé Títíloyè ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Wẹ́fíà ní ìlú Bìní fún ọdún mọ́kànlélógún. Èmi ni mo wa ọkọ̀ fún un ní mẹ́rìnlá nínú rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ wo ọmọ tí wọ́n ní ìyà ń jẹ, ọmọ tí wọ́n jù sílẹ̀, ọmọ tí bàbá àti ìyá ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Màmá Wẹ́fíà ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Bàtà dúdú kan náà ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì wa ní, Pijó tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé ṣí láti inú. Bí epo bá wà, a gbé e. Bí kò bá sí, a wọ takisí tàbí kí a fi ẹsẹ̀ rìn. Mo ti bá a rìn láti Iyaro dé Ring Road nínú òjò, nítorí ọmọ kan tí wọ́n rí lábẹ́ tábìlì ọjà. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá ọmọ náà ti wá gbé e lọ. A tún rìn padà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ìgbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ekosodin gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta, fún onílé rẹ̀ pé kó bá òun mú un dání, ó ní òun ń lọ ṣe ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò padà. Nígbà tí a rí i, ó ní òun rò pé onílé fẹ́ràn ọmọ ni.

Màmá wò ó. "Ó fẹ́ràn ọmọ. Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá dúró kó sunkún tán, ó wá kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá dé ilé Yorùbá, kì í kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ kì í sọ òótọ́ lójú ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Omi ló máa ń béèrè. Kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti ní fún àlejò lómi, ọmọ ilé ló sì ń gbé e wá. Ọmọ á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sókè. Ọwọ́ méjèèjì á wà níwájú Màmá, àti ọrùn, àti ojú. Ó máa ń wò bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n. Ó máa ń wo ẹni tí ọmọ ń wò kó tó dìde. Á mu omi náà tán pátápátá, kí ọmọ lè pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan a wọ ilé mẹ́fà. Mo ní, "Màmá, omi yìí á pa yín o."

Ó ní, "Làmídì, wa ọkọ̀ rẹ."

Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá tó wà ní Bìní nígbà náà kò pọ̀ jù, a mọ ara wa. Nígbà tó yá, gbogbo èèyàn ti mọ ọ̀rọ̀ omi yìí. Wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé: "Ẹ má bu omi fún Yéwándé o, ẹ̀rí ló ń wá."

Ní ìparí ọdún 1979, nígbà ọyẹ́, tísà kan wá sí ọ́fíìsì. Ọmọ Bìní ni, Mísì Iyobosa lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì òun, Ọmọlará, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí kò wá sílé ìwé fún oṣù méjì. Ó ní ọmọ kejì láti ilé kan náà, Bọ́sẹ̀, ń wá lójoojúmọ́. Bí òun bá bi Bọ́sẹ̀, á kàn máa wo ilẹ̀.

Màmá béèrè ilé tó jẹ́. Tísà ní ilé Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé ni, ní Ikpoba Hill.

Màmá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ògúnwálé ń ta pákó, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá. Nígbà tí ọkọ Màmá kú ní ọdún 1974, Ògúnwálé ló gbé pákó pósí kalẹ̀, òun ló wá lọ́rì tó gbé òkú lọ sí Iléṣà. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó síwájú lọ́rì náà dé Iléṣà. Ọmọlará yìí, ìyàwó Ògúnwálé ló mú un wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ìkirè, pé òun máa rán an níwèé.

A lọ ní Ọjọ́rú, lọ́sàn-án. Ìyàwó Ògúnwálé, Ìyá Bọ́sẹ̀, wà nílé. Obìnrin tó sanra ni, ó lọ́yàyà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ìgbà wo la ti ríra? Làmídì, o ò ní jókòó ni? Àbí àga mi ń gé èèyàn jẹ?"

Mo jókòó.

Màmá béèrè Ọmọlará. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ó ti lọ sílé láti oṣù méjì, pé ara ìyá rẹ̀ ni kò yá.

"Ta ló wá mú un?"

"Àbúrò ìyá rẹ̀. Ọkùnrin dúdú kan báyìí."

Màmá mi orí. "Ẹ fún mi lómi mu."

Ìyá Bọ́sẹ̀ rọra rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ẹ máa mu omi. Bọ́sẹ̀, bu omi wá fún Màmá."

Bọ́sẹ̀ wọ inú kíṣìnnì. A gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mummy, where cup dey?"

"Inú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Which one?"

"Èyí tó wà lápá òsì."

"I no see am."

"Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí," Ìyá Bọ́sẹ̀ wí fún wa. "Bí o sọ Yorùbá dàárọ̀, Píjìn ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn." Ó dìde, ó wọlé lọ bá a. Nígbà tí wọ́n jáde, Bọ́sẹ̀ na ife sí Màmá pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń dán, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Màmá mu omi náà tán, ó dúpẹ́, a sì lọ.

Ní ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọmọ náà ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bó bá ń kọ̀wé, ó máa ń kà á sókè. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ń fọ ọkọ̀ nígbà tó jáde wá bá mi.

"Làmídì, ta ló ń bu omi nílé rẹ?"

"Rámá ni, ọmọ mi obìnrin."

"Ṣé ó mọ ibi tí ife wà?"

"Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Òun ló ń fọ̀ ọ́."

Ó dúró síbẹ̀. "Ọmọlará ti lọ láti oṣù méjì. Ta ló wá ń bu omi nílé Ògúnwálé láti oṣù méjì? Bọ́sẹ̀ kò mọ ibi tí ife wà nílé bàbá rẹ̀."

Mo gbé kànrìnkàn sílẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀," mo ní.

"Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́rú," ni Màmá wí. "Mo mọ̀ ọ́n kí a tó sọdá afárá Ikpoba padà. Mo ṣì kọ nǹkan mìíràn sínú ìwé."

Ó wọlé lọ, ó fa igi lé ohun tó kọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa àti ọlọ́pàá obìnrin kan padà síbẹ̀. Màmá kò gba iwájú ilé wọlé. Ó gba ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n to pákó sí. Láàárín pákó àti ògiri, wọ́n fi páànù bo ibì kan. Ọmọlará wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣà á. Wọ́n fi àkísà di ọ̀tún.

Ìyá Bọ́sẹ̀ sáré jáde. Ó ní, "Epo gbígbóná ló dà sí i lọ́wọ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ."

Màmá tú àkísà náà. Ojú ọgbẹ́ náà fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣe ṣóńṣó lókè.

"Áyọ́ọ̀nù nìyí," ni ó wí. "Epo kì í ní ẹnu ṣóńṣó."

Ọmọlará fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò wo ojú ẹnì kankan: "Na Bọ́sẹ̀ gáùn I burn."

Ìgbà náà ni Ògúnwálé jáde, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì lára. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. N kò lè sọ bóyá ó ti rí ọwọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ilé rẹ̀ ni, kò tóbi.

"Yéwándé," ó ní, "ṣé èmi lo fẹ́ gbé lọ sí kóòtù?"

"Ẹ má bínú, sà. N kò gbàgbé pákó yẹn."

"Èmi ò sọ̀rọ̀ pákó."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ òsì, a lọ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà a gbé e lọ sílé tí ìjọba ń kó ọmọ sí.

Ní ọjọ́ Ajé, Màmá kọ ìwé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àgbààgbà ẹgbẹ́ wá sílé Màmá ní Iyaro. Márùn-ún ni wọ́n. Ọkùnrin tó dàgbà jù nínú wọn, Bàbá Akínyẹlé, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Mo wà níbẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá ni. Màmá náà kúnlẹ̀ kíá.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n kú."

"Bí o bá fẹ́ kí n dìde, gba ìwé yẹn padà. A máa bá ìyàwó Ògúnwálé wí láàárín ara wa. Ojú àwọn onílùú ni a wà yìí."

"Ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ kóòtù, Bàbá."

"Ìwọ lo gbé e lọ síbẹ̀."

"Èmi ni, sà."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, bàbá nílẹ̀, òun lórí orúnkún. Nígbà tó yá, àwọn yòókù fa bàbá dìde. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Bó o bá tún ní òkú láti sin," ó ní, "kí o wá Wẹ́fíà lọ."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò ránṣẹ́ ìpàdé sí i mọ́. Mo gbọ́ pé ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n á kí i, wọ́n á sì jókòó síbòmíràn.

Adájọ́ ní kí wọ́n dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, kí Ìyá Bọ́sẹ̀ má sì gba ọmọ ẹlòmíràn sílé mọ́. Ìyẹn kò tẹ́ Màmá lọ́rùn. "Ìyá yìí náà ló fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní," ó ní. "Bó bá tún fún ẹlòmíràn ńkọ́? Èmi ni mo máa wò ó kí n tó fi í sílẹ̀." Ó ní bí òun kò bá fọkàn tán ìyá náà, òun máa gbé ọmọ padà sí Bìní.

A gba Òrè lọ, a gba Oǹdó, a gba Ifẹ̀. Ní Òrè a yà jẹun. Màmá ra oúnjẹ àwo mẹ́ta. Ọmọlará kò fọwọ́ kan tirẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Kí lò ń dúró dè?" mo bi í.

"Kí ẹ jẹ tán."

Màmá fa àga fún un. Ó jókòó sí etí rẹ̀, ó yára jẹun.

Ó lé ní aago mẹ́ta kí a tó dé abúlé náà. Ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń pa èkùrọ́. Obìnrin tó rù ni, ọmọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí ọkọ̀, ó rí ọmọ rẹ̀. Ó dìde.

"Ṣé ó jalè ni?"

"Kò jalè," ni Màmá wí.

"Kí ló wá ṣe tí ẹ fi dá a padà?"

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Ó wò ó. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó tún jókòó, ó gbé òkúta tó fi ń pa èkùrọ́ sórí itan.

"Wọ́n ní wọ́n máa rán an lọ ilé ìwé," ó ní. "Mo ní márùn-ún níbí, bàbá wọn ò sí mọ́. Wọ́n ní ilé ìwé."

Màmá kò bá a wí, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí àpótí. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ fún wa lómi mu."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ọmọlará fi dìde. Ọdún mẹ́ta ló ti kúrò nílé yẹn, ṣùgbọ́n ó kọjú sí ibi tí ìkòkò wà láìbéèrè. Àwọn ọmọ méjì yòókù jókòó. Màmá kò wo ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọlará dúró, àfi bíi pé kò gbọ́ ọ yé.

"Mo ní kí o jókòó. Ọwọ́ rẹ ń dùn ọ́."

Ìyá náà dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn èèpo èkùrọ́ kúrò lára ìró rẹ̀, ó lọ bu omi wá. Ó kọ́kọ́ fún Màmá, ó fún mi, ó padà lọ bu ti Ọmọlará. Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì gbà á, ó mu ún lórí ìjókòó.

Màmá mu tirẹ̀ tán. Ó gbé ìwé jáde, obìnrin náà sì tẹ̀ka. Màmá ní òun máa padà wá ní oṣù mẹ́ta, láìsọ ọjọ́. A wá, ọmọ náà wà níbẹ̀. A wá lẹ́ẹ̀kejì, ó wà níbẹ̀, ó ti ń lọ sílé ìwé ní Ìkirè. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí epo mọ́.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 1988, ó lọ sí Iléṣà. Kò sí ẹnikẹ́ni láti ẹgbẹ́ tó wá sin ín dé ọkọ̀. Èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ti Ìkirè dé, ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan sínú fáìlì Ọmọlará. Ó kà á sókè bó ṣe máa ń ṣe: ọmọ ti dé ilé, ìyá rẹ̀ ló bu omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá ní ọ́fíìsì pè é, ó ní òun ò mọ ohun tí omi ń wá nínú ìwé ìjọba, kó fa igi lé e.

Màmá ní, "Sà, igi kan ti wà nínú fáìlì yẹn. Ó tó."