Gèlè Mi àti Akoto Ìdòwú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń ka ohun tí mo ń kọ síbí, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọjọ́ tí èmi, odidi ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, bọ́ gèlè lórí ní gbangba, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kì í ṣe pé mo jà o! Ara mi sì le koko. Nítorí akoto ni.

Akoto wo? Èyí tí àwọn tó ń kọ́lé máa ń dé sórí, tí wọ́n ń pè ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì. Èmi ń pè é ní akoto nítorí pé Yorùbá ti ní orúkọ fún un kí wọ́n tó fi ọkọ̀ kó o dé. Ẹni tí kò bá gbà, kó mú un mọ́ra títí n óò fi parí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Okokomaiko ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ọ̀nà lọ́wọ́ ní apá Ìbà nígbà náà. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti ń rí orúkọ wọn lára katakátá. Àdúgbò wa ni ọkọ̀ tipa wọn ń gbà kó òkúta àti yanrìn, ó sì ba ọ̀nà wa jẹ́ dé ibi pé, bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ọmọ mi a máa gbé bàtà lọ́wọ́ wá sí kíláàsì.

Baálẹ̀ pe ìpàdé, a sì sọ ẹ̀dùn ọkàn wa. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́. Wọ́n ní àwọn yóò tún ọ̀nà náà ṣe, àwọn yóò sì tún kọ́ ilé alájà kan fún ilé-ìwé wa, kí àwọn ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò lè rí òrùlé. Ẹ ò rí bí àtẹ́wọ́ ṣe ń dún! Èmi ni mo gba àdúrà ìparí, mo sì gbà á gùn díẹ̀, kí wọ́n má baà rí àyè yí ọ̀rọ̀ padà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà wa gan-an. Wọ́n fi wáyà yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì to irin àti pákó sókè fún àwọn bíríkìlà láti máa dúró lé. Ẹ̀gbẹ́ wáyà yìí ni mo máa ń gbà kọjá sí ọ́fíìsì mi láràárọ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Bíríkìlà kan wà tó ń jẹ́ Ìdòwú. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí Ṣadé ìyàwó rẹ̀ ló ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, oyún sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kọjá, Ìdòwú ń po sìmẹ́ńtì ní ìsàlẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Akoto rẹ̀ ńkọ́? Ó wà lórí rẹ̀ gbọingbọin!

Mo dúró. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo bi í pé ṣé orí ń fọ́ ọ ni, tí kò fi lè ṣí fìlà kí àgbà.

"Mà, ẹ́límẹ́ẹ̀tì ni o, kì í ṣe fìlà."

"Níbo ló wà?"

"Orí mi ni, mà."

"Kí ni a ń pe ohun tí ọkùnrin bá dé sórí?"

Ó ṣí i.

Ẹ rò pé mo fi mọ síbẹ̀? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àdúgbò. Mo dìde níwájú àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, mo ní iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn àgbà hó yèè. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ mi orí, ó ní àwọn ọmọ náà kì í ṣí akoto fún òun pẹ̀lú, pé òun kàn ń mú un mọ́ra ni.

Láti ọjọ́ kejì ni àpọ́nlé ti dé! Bí mo bá ti yọ lẹ́nu géètì báyìí, gbogbo akoto a ṣí. Àwọn tó wà nílẹ̀ a ṣí i. Àwọn tó wà lórí pákó lókè a di irin mú lọ́wọ́ kan, wọn a fi ọwọ́ kejì ṣí tiwọn. "Ẹ káàárọ̀ mà!" láti ilẹ̀ dé òkè, bí àwọn áńgẹ́lì orí àkàbà Jékọ́bù. Èmi náà a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó wà lókè pátápátá má baà pàdánù àǹfààní rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ní ọkùnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n má fara pa. Ọ̀gá Sáfẹ́tì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ibi iṣẹ́ wọn tó wà ní Ìbà ló sábà máa ń wà, kì í wá sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́. Ọmọ Èkìtì bíi tèmi ni, ṣùgbọ́n n kò rí eyín rẹ̀ rí. Òfin rẹ̀ kò ṣòro yé: ẹni tí ó bá bá láì dé akoto níbi iṣẹ́, ilé ló ń lọ, kò sì ní padà.

Ní òwúrọ̀ kan, mo yọ, Ìdòwú ṣí akoto, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti ń mọ̀ ọ́n ṣe! Bí ó ṣe ń dìde, Ọ̀gá Sáfẹ́tì jáde láti ẹ̀yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù. Kò pariwo. Ó kàn na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ìdòwú wo ìka náà, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò.

Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà á ni. Mo wọ ọ́fíìsì mi lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde ìsinmi, Ṣadé wọlé tọ̀ mí wá. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ikùn. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣeun o, mà. Ọkọ mi ti gba ẹ̀kọ́ ilé. Inú ilé náà ló sì máa wà báyìí."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Ọmọ tí mo lè bí! Ó ní ìgbà wo ni ọkọ òun tún máa rí ilé-iṣẹ́ bí irú èyí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú òṣìṣẹ́, tí owó oṣù kì í falẹ̀, nígbà tí ọmọ sì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní kí ó lọ máa rán aṣọ rẹ̀. Mo ní kí agogo ìparí ẹ̀kọ́ tó lù, ọkọ rẹ̀ yóò ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ta ni yóò wá bá mi gbé e?

Mo tún gèlè mi ṣe. Gèlè dàmáàsì ni, ó le bí páálí. Ẹ má gbàgbé gèlè yìí, nítorí ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀: irun mi wà ní títú. Ọjọ́ Sátidé ni onídìrí mi ń bọ̀.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wáyà náà, Ìdòwú ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àpò rẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́nà, ọmọ Ègùn kan tó dàgbà jù mí lọ, kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì na akoto aláwọ̀ ìyeyè kan sí mi. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í wọlé láì dé e. Mo gbé e lé orí gèlè mi. Ó yọ̀. Mo tún gbé e lé e. Ó yọ̀ sí ọ̀tún, ó yọ̀ sí òsì.

"Màmá, gèlè ni kò jẹ́ kó wọlé," bàbá náà sọ fún mi jẹ́jẹ́.

"Mo rí i."

"Ẹ lè bọ́ ọ."

"Bọ́ kí ni?"

Bàbá náà yíjú sí igi máńgòrò. Ó ní ìyàwó nílé, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ọkùnrin dákẹ́.

Mo ní kí wọ́n pe Ọ̀gá Sáfẹ́tì wá. Ó wá, ó dúró sí inú wáyà, èmi wà níta. Mo fi èdè Èkìtì kí i, kí ó lè rántí ilé. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn! Mo sọ fún un pé èmi ni Ìdòwú ń kí, pé ọ̀wọ̀ àgbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá sọ Yorùbá. "Ìyá, búlọ́ọ̀kù ò mọ àgbà. Kì í kí èèyàn kó tó jábọ́." Ó ní bí mo bá fẹ́ rojọ́ fún Ìdòwú, kí n wọlé wá wo ibi tí ó dúró sí. Bí n kò bá lè wọlé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Mo wẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ojú fèrèsé. Àwọn olùkọ́ mi, tó yẹ kí wọ́n lé wọn padà, ni wọ́n wà níwájú. Àwọn bíríkìlà ti dáwọ́ dúró. Mo wo Ìdòwú, ó ń wo ilẹ̀. Bí mo bá yí padà, kí ni n óò wí fún Ṣadé?

Mo yọ píìnì. Mo tú gèlè. Irun mi dìde fùú, àfi bí ẹni pé òun náà fẹ́ kí Ọ̀gá Sáfẹ́tì! Ohùn tín-ín-rín kan sì ké láti kíláàsì kejì: "Hẹ̀ẹ́ẹ̀! Màmá ní ewú!"

Mo gbọ́. Mo dé akoto. Ó bá mi mu régí. Mo gbé gèlè mi sí apá, mo sì wọlé bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn.

Ọ̀gá Sáfẹ́tì mú mi dé abẹ́ pákó, ibi tí Ìdòwú ti máa ń kí mi. Ó mú akoto kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Akoto náà ti sán láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó dé e lọ́jọ́ tí búlọ́ọ̀kù já lù ú ṣì wà láyé, ó ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dúró, tí ó gbé tirẹ̀ sí abíyá nítorí oòrùn... Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan balẹ̀ sórí mi: pọ́kán! Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni, kò tóbi ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ó ta lára akoto, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Mo gbójú sókè. Bíríkìlà kan ń wolẹ̀ láti orí pákó, ojú rẹ̀ ti ràn. "Ẹ forí jì mí, mà! Ẹ káàárọ̀ mà!" Àbí ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó di irin mú lọ́wọ́ kan, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ṣí akoto rẹ̀!

"Dé e padà!" Ohùn mi ni o! "Má ṣí i! Dé e padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀!"

Ọjọ́ yẹn ni mo rí eyín Ọ̀gá Sáfẹ́tì. Eyín rẹ̀ dára, n kò mọ ìdí tó fi ń fi pamọ́.

Ó ní òun ti sọ ọ́ títí, àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn kò lè rí Màmá kí àwọn má ṣí i, pé ojú ń ti àwọn. Ó ní èmi nìkan ni wọ́n lè gbọ́ tèmi. Mo ní kò burú, n óò kọ́ wọn, ṣùgbọ́n Ìdòwú ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, n kò sì lè fi ẹni tó wà nílé ṣe àpẹẹrẹ. Ó rò ó. Ó ní kí wọ́n pè é wọlé. Nígbà tí agogo ìparí lù, Ìdòwú ti ń po sìmẹ́ńtì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo to àwọn òṣìṣẹ́ náà sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Mo ní: ọwọ́ ọ̀tún sórí akoto. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tẹrí ba. Ìdòwú wà níwájú, ó ń ṣe é bí ọmọ ológun. "Ẹ káàárọ̀ mà!" Mo ní n kò gbọ́. Wọ́n tún un kí. Baálẹ̀ wá wò wá, ó ń ráhùn pé irú ìkíni wo nìyí. A fún òun náà ní akoto kan. Kò ráhùn mọ́, kò sì dá a padà! Akoto náà ló dé sórí lọ́jọ́ tí a ṣí ilé alájà náà.

Ṣadé bí ọmọbìnrin. Nígbà tí mo lọ kí i, ó fún mi ní fìlà pélébé kan tó rán, ó ní kí n máa dé e sábẹ́ gèlè, nítorí ọjọ́ mìíràn. Ẹnu Ṣadé yẹn kò ní pa á.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? N kò ní sọ pé mo ṣàṣìṣe o. Olùkọ́ kì í ṣàṣìṣe, ó máa ń tún ẹ̀kọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọdé bọ̀wọ̀ fún òun títí lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí ọmọ náà wà láàyè.

Láìpẹ́ yìí ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Bàbá arúgbó kan rí mi láti òdìkejì títì. Kò dé nǹkan kan sórí, irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àtàrí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì tẹrí ba. Ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí pé, "Màmá, ṣé orí ń fọ́ bàbá yẹn ni?"

Mo ní rárá, pé èmi ni Ìdòwú ń kí. Mo sì gbé ọwọ́ lé gèlè mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọ̀wọ̀ kó ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn sí wàhálà rí? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ kí mi o! Ẹni tó bá sì dé akoto, kó má ṣí i.